Ṣòkòtò wo ni kí n wọ̀ gun kẹ̀kẹ́ nínú òtútù àti ẹrẹ̀ Scotland?

Ọmọ_Alábàtà (ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò ni mo bá wá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí níbí mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń gùn, ti inú igbó, kì í ṣe ti orí ọ̀dà. Ọbáńtokò ni mo ti máa ń gbéra, màá gba ẹ̀yìn Alábàtà, màá bá ọ̀nà oko lọ síhà Ọdẹ́dá, kí n tó ṣẹ́rí padà. Lásìkò òjò, níkà bọ́ọ̀lù ni mo máa ń wọ̀. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ táyà bíi láfún tí ọmọdé rò, gbogbo kókó ẹ̀ ló máa bá mi délé. Mo ṣáà ti dé ẹ̀bá kànga, mo bu omi dà á sẹ́sẹ̀, ó parí.

Wàyí o, wọ́n ti gbà mí láti wá kàwé ní Edinburgh. Oṣù kìn-ín-ní la máa wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà níbẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ méjì, ó ní tí mo bá ti dé báyìí, Glentress ló kàn, igbó kan lẹ́bàá ìlú Peebles tí wọ́n la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí lára òkè. Ó ní lásìkò yẹn òtútù ibẹ̀ kì í sábà ju ìwọ̀n 6 lórí Celsius lọ, nígbà míì a sì wálẹ̀ dé òódo. Èmi tí ọyẹ́ Abẹ́òkúta ń mú gbọ̀n bí ewé!

Owó tí mo lè ná láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ò ju 80 pọ́n-ùn lọ. Ṣé ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀ ni kí n rà? Ṣé táìtì ni? Àbí kí n kúkú wọ jíǹsì méjì léra?

Ìyá_Alákàrà (ọjọ́ 6)

Jíǹsì méjì léra, bí ẹni tó lọ jí aṣọ níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ọmọ mi, ìwé lo ń lọ kà àbí ẹrẹ̀ lo ń lọ wò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ dá a lóhùn. Mo jókòó síbí.

Olóyẹ́ (ọjọ́ 6)

Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì ní London nínú oṣù Kejìlá. Jíǹsì kan, pátá gígùn kan lábẹ́ ẹ̀, mo rin gbogbo ìlú já, n kò kú. Àwọn òyìnbó kàn fẹ́ràn àtimáa ta aṣọ ni. Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, ṣòkòtò òjò lọ́tọ̀, ṣòkòtò òkè lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ mélòó lèèyàn ní? Fi owó ẹ jẹun.

Ẹ̀gbá_Leeds (ọjọ́ 7)

Ẹ̀gbọ́n Olóyẹ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin rìn nínú ìlú, ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ẹ wọlé. Àbúrò yìí máa wà lórí kẹ̀kẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́ta, táyà iwájú á máa da omi tútù sí i nítan. Ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún.

Ọdún kẹsàn-án mi rèé nílùú yìí. Ìgbà òtútù tí mo kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ wọgbó, jíǹsì lèmi náà wọ̀. Kò tó ìdajì wákàtí tí omi fi mu ún láti ìsàlẹ̀ dé itan. Ó wúwo, ó le gbagidi, orúnkún mi ò ká dáadáa mọ́. Ìgbà tá a dúró jẹ búrẹ́dì ni mo tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Mo fọwọ́ kan itan mi, àfi bíi pé itan ẹlòmíì ni mo dì mú. Alẹ́ Sátidé ni mo sá jíǹsì yẹn sórí irin amúlégbóná, ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ló tó gbẹ.

Òwú ni jíǹsì, òwú sì rèé, ó máa ń mu omi, kì í fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí omi ṣe ń fa ooru kúrò lára èèyàn ju bí atẹ́gùn tó dúró jẹ́ẹ́ ṣe ń fà á lọ tó nǹkan bí ìlọ́po 25. Torí náà kódà pátá gígùn tí ẹ̀gbọ́n sọ, tó bá jẹ́ òwú, ó máa dójú ti ẹni tó wọ̀ ọ́. Tó o bá fẹ́ wọ nǹkan sábẹ́, irun àgùntàn ni kó o wá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní merino, tàbí polyester. Irun àgùntàn lè rin, síbẹ̀ a ṣì máa móoru díẹ̀.

Ní tèmi, ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀, tí wọ́n dìídì rán fún kẹ̀kẹ́ ni kó o rà. Wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 10,000 sí i, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọ́n lè gbé omi tó ga tó mítà 10 lé aṣọ náà lórí kó tó jò. Má ra èyí tó kéré sí ìyẹn, torí o máa jókòó lé e lórí, ìwúwo ara ẹ ló sì máa ń ti omi gba ìdí wọlé. Yí inú ẹ̀ síta, kó o wo ojú ìránṣọ: ó gbọ́dọ̀ ní téèpù tí wọ́n fi bo gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá. Orúnkún ẹ̀ gbọ́dọ̀ láyè tí o lè fi ìbò orúnkún sábẹ́. Èyí tó dáa gan-an lè ju 100 pọ́n-ùn lọ, ṣùgbọ́n tí ìgbà òtútù bá ń parí lọ, wọ́n máa ń já owó ẹ̀ wálẹ̀.

Àdùkẹ́_Glasgow (ọjọ́ 7)

Mo ka ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá_Leeds dé ibi jíǹsì, mo ń ṣe àmín. Nígbà tí mo dé ibi ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀, mo dúró.

Mo ti gun Glentress nínú oṣù kejì. Gígòkè ló pọ̀ níbẹ̀. Èèyàn á máa wa pẹ́dà gòkè fún ìgbà pípẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣòkòtò tí omi ò lè wọ̀, ṣé ẹ rò pé òógùn lè tètè jáde nínú ẹ̀? Wọ́n máa ń sọ pé ó ń mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tí imú ẹ̀ dí ló ṣe ń mí. Ọjọ́ tí mo wọ tèmi, ìgbà tí mo fi dé òkè, inú ẹ̀ rin ju ìta lọ. Bá a ṣe kọjú kẹ̀kẹ́ sísàlẹ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ bá gbogbo òógùn yẹn, ó di yìnyín sí mi lára. Mo sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ohun tí mò ń wọ̀ nísinsìnyí: níkà alágbára tó gùn dé orúnkún, àpò orúnkún lábẹ́ ẹ̀ (aṣọ bí apá súwẹ́tà tí wọ́n gé sọ́tọ̀, tó bo orúnkún látòkè dé ìsàlẹ̀, tó ní irun nínú), ìbọ̀sẹ̀ tí omi kì í wọ̀ tó gùn dé ojúgun. Ojúgun tó bá ṣí sílẹ̀ lè rin, ṣùgbọ́n awọ ara kì í mu omi, nù ún báyìí, ó ti gbẹ. Ìka ẹsẹ̀ àti orúnkún lèèyàn ń dáàbò bò. Orúnkún ò ní ẹran lára, egungun lásán ni, ibẹ̀ ni òtútù máa ń kọ́kọ́ rí.

Gbogbo ẹ̀, kò tó 80 pọ́n-ùn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Munich (ọjọ́ 7)

Táìtì onírun nínú, ó parí. Mo ti wọ̀ ọ́ gun kẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀n 5 sísàlẹ̀ òódo, kò mú mi rárá.

Ẹ̀gbá_Leeds (ọjọ́ 7)

Ọmọ Ìjẹ̀bú, òtútù gbígbẹ nìyẹn. Ní tiyín, ilẹ̀ ti dì, táyà ò rí omi dà síni lára. Ti Scotland ni pé kò tutù tó kí omi dì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbóná tó kó gbẹ. Táìtì yẹn á mu omi ẹrẹ̀ bíi kànìnkànìn ni. Ẹ̀ẹ̀kan tó o bá sì fi ìdí yọ̀ lórí òkúta, ó ti fàya.

Àdùkẹ́, mi ò bá ẹ jiyàn lórí òógùn. Síìpù ẹ̀gbẹ́ itan ni mo máa ń ṣí tí mo bá ń gòkè. Ṣé tìẹ ò ní síìpù ni?

Àdùkẹ́_Glasgow (ọjọ́ 7)

Ó ní. Ẹrẹ̀ ló gbà á wọlé.

Bàbá_Kẹ̀kẹ́_Adátán (ọjọ́ 8)

Ẹ kú àfikún o. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni mò ń ṣe, n kò dé ìlú òyìnbó rí, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni ẹrẹ̀.

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ aṣọ, kò sẹ́ni tó béèrè pé ibo ni omi ti ń wá. Omi tó ń rin itan àti ìdí kì í sábà jẹ́ ti òjò. Táyà ló ń gbé e sókè. Ẹ dí ẹnu rẹ̀ ná! Ọmọ mi, mọ́dígáàdì ni kó o kọ́kọ́ rà, iwájú àti ẹ̀yìn. Èyí tó kúrú tí wọ́n ń dè mọ́ fọ́ọ̀kì iwájú ò wọ́n. Tí owó ò bá sí, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá fi kẹ́ẹ̀gì òróró gé e fún ẹ, màá lu ihò sí i, wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di nǹkan lo máa fi dè é. Mo ti ṣe é fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko láti Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, kò jẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sójú wọn mọ́.

Èkejì, ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Apá ọ̀tún ni ṣéènì wà. Ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ ẹ̀ bá fẹ̀, ṣéènì á gbá a mú, á wọ́ ọ wọnú eyín. Mo ti fi àbẹ gé ọmọkùnrin kan kúrò lára kẹ̀kẹ́ ẹ̀ rí níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí, ìdajì agbádá ẹ̀ ló kù. (Ẹni tó wọ agbádá gun kẹ̀kẹ́ náà kúkú ti fa ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀.) Ra òkìrìkà ní Láfẹ́ńwá, gbé e fún télọ̀ kó dín ẹnu ẹsẹ̀ ẹ̀ kù.

Télọ̀_Ìtòkú (ọjọ́ 8)

Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ṣéènì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n tún ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn ṣe díẹ̀.

Tó bá jẹ́ ṣòkòtò lásán, ẹ gbé e wá, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Tó bá jẹ́ èyí tí omi kì í wọ̀, ẹ má gbé e fún télọ̀ kankan, kódà èmi. Ibikíbi tí abẹ́rẹ́ bá gún ti di ihò. Ọ̀gá kan gbé ṣòkòtò òjò ẹ̀ wá lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ní kí n dín in kù. Mo dín in, ó rẹwà, bí ẹni tí wọ́n yà sára ògiri. Òjò àkọ́kọ́ tó pa á, omi tò wọlé lójú ìránṣọ mi láti orúnkún dé ilẹ̀, bíi pé mo fi ajọ̀ rán an. Ó padà wá gba owó ẹ̀. N kò lè bá a jà.

Rọ́bà tàbí bẹ́líìtì alẹ̀mọ́ra ni kẹ́ ẹ fi di ẹnu ẹsẹ̀ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà ní títóbi ẹ̀.

Bàbá_Kẹ̀kẹ́_Adátán (ọjọ́ 8)

Mo gba ẹ̀kọ́. Kó wá gé tìúbù àlòkù ní bíi ìka méjì fífẹ̀, kó fi di ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Arábìnrin_Ọbáńtokò (ọjọ́ 8)

Salaamu alaykum, ẹ̀yin ará. Èmi náà máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Alábàtà. Ohun tí àwọn ọkùnrin ò fẹ́ sọ ni mo fẹ́ sọ.

Ìdí. Níkà tó ní fóòmù nídìí ló yẹ kó wà lábẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ń kà sílẹ̀ yìí. Wọn kì í wọ pátá sábẹ́ ẹ̀! Ojú ìránṣọ pátá, òógùn àti ẹrẹ̀ tó ní iyanrìn nínú, ẹ bá mi fi wọ́n rin wákàtí mẹ́ta. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, n kò mọ̀, mo wọ méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ́fíìsì, wọ́n ń béèrè bóyá eéwo ló mú mi. Mo fi òrí pa á títí ó fi san. Ní báyìí mo máa ń fi òrí díẹ̀ pa ibẹ̀ kí n tó jáde.

Bàbá sọ òkìrìkà Láfẹ́ńwá. Ẹ ra ṣòkòtò níbẹ̀, ẹ ra súwẹ́tà, kò burú. Níkà oní-fóòmù tí ìdí ẹlòmíì ti jókòó sí, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin tí ò fẹ́ kí táìtì fi ara hàn: mo máa ń wọ ṣòkòtò tó ṣò díẹ̀ lé e lórí, blouse gígùn tó bo ìbàdí, mo sì máa ń fi bẹ́líìtì mú un kó má fẹ́ lọ sí táyà.

Olóyẹ́ (ọjọ́ 8)

Ẹ ní kí ọmọkùnrin má wọ pátá. Ayé ti bàjẹ́.

Ìyá_Alákàrà (ọjọ́ 8)

Olóyẹ́, jókòó sórí kẹ̀kẹ́ wákàtí mẹ́ta kó o tó sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Glasgow (ọjọ́ 9)

Arábìnrin, Ọlọ́run á bù kún yín, òótọ́ pọ́nńbélé lẹ sọ.

Mo fẹ́ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ ara mi lórí ìbọ̀sẹ̀ tí omi kì í wọ̀. Omi kì í gba ara ẹ̀ wọlé, ẹnu ẹ̀ ló ń gbà. Tí omi bá ṣàn láti ojúgun wọ inú ẹ̀ tán, kò tún ní jáde mọ́. O ti gbé kèrègbè méjì sẹ́sẹ̀ nìyẹn. Torí náà, lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, ṣòkòtò gígùn ló dáa, kí ẹnu ẹsẹ̀ ẹ̀ bo ẹnu ìbọ̀sẹ̀ lóde. Ẹ má ki ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Bí òrùlé ló ṣe rí: páànù òkè ló ń gun páànù ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gbá_Leeds lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé mo ti gbà fún un. Mi ò gbà fún un.

Ẹ̀gbá_Leeds (ọjọ́ 9)

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi náà á fi díẹ̀ jìn. Ohun kan wà láàrin méjèèjì tí owó Ọmọ_Alábàtà lè ká: ṣòkòtò tí wọ́n ń pè ní softshell. Kò ní kí omi má wọ̀ ọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó ń ta síni lára ò tètè gbà á kọjá, ó nípọn, ó ń fà, òógùn sì ń jáde nínú ẹ̀. Ìdí àti orúnkún ẹ̀ nìkan ni kó o yẹ̀ wò bóyá wọ́n fi aṣọ tó lágbára rán an. Òjò tó ń ya bí àgbàrá nìkan ni kò lè dá dúró.

Kó o sì rántí ìfọṣọ. Tó o bá délé, fi omi ṣan ẹrẹ̀ kúrò kó tó gbẹ, ẹrẹ̀ gbígbẹ ń ha aṣọ bíi yanrìn. Má fi ọṣẹ olóòórùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ fọ̀ ọ́, ó máa ń bo ojú aṣọ, aṣọ ò ní mí mọ́. Tó bá ṣì tuntun, wàá rí i tí omi ń yí lórí ẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Ọjọ́ tó o bá rí i pé omi ń tẹ́ lórí ẹ̀, tó ń mú kó dúdú, ohun tí wọ́n fi pa á lójú ló ti ń lọ. Fọ̀ ọ́ mọ́, kó o ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, ooru díẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ máa ń jí i. Tí kò bá jí, wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ń fín sí i.

Ọmọ_Alábàtà (ọjọ́ 9)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti lọ sọ́dọ̀ Bàbá ní Adátán lówùúrọ̀ yìí. Wọ́n gé kẹ́ẹ̀gì náà, a dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ mi, mo gbé e gba Alábàtà nínú ẹrẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Ojú mi mọ́ délé fún ìgbà àkọ́kọ́. Màá ká a sínú àpótí lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn aṣọ́bodè bi mí ohun tó jẹ́.

Ọmọ_Alábàtà (ọjọ́ 1, oṣù kejì)

Mo ti padà dé o. Àná la lọ sí Glentress.

Ohun tí mo wọ̀: níkà oní-fóòmù tuntun, ṣòkòtò softshell tí mo rà ní 45 pọ́n-ùn nígbà tí wọ́n já owó ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tí omi kì í wọ̀ lábẹ́ ẹ̀, tìúbù Bàbá ní ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìwọ̀n 3 ni wọ́n kọ sára fóònù. Òjò ò rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ń ṣàn bí odò.

Gígòkè, Àdùkẹ́ ló jàre: mo làágùn dé àyà. Sísọ̀kalẹ̀, Ẹ̀gbá_Leeds ló jàre: omi bo ẹsẹ̀ mi, itan mi ò rin. Ìdí nìkan ló tutù díẹ̀, torí ọ̀rẹ́ mi ò ní mọ́dígáàdì ẹ̀yìn, ìjókòó ti rin kí n tó gùn ún. Ti kẹ́ẹ̀gì bá iwájú mu. Òyìnbó kan dúró béèrè ibi tí mo ti rà á, mo ní Adátán.

Àṣìṣe tí mo ṣe: mi ò mú ṣòkòtò gbígbẹ dání. Láti ibi tá a gbé mọ́tò sí dé Edinburgh, bí wákàtí kan, mo jókòó sórí láílọ́ọ̀nù, eyín mi ń lu ara wọn. Inú ìrìn-àjò yẹn ni òtútù ti mú mi ju ti orí òkè lọ. Ṣòkòtò jíǹsì mi wà nílé, gbígbẹ, lórí àga.

Olóyẹ́ (ọjọ́ 1, oṣù kejì)

Mo sọ jíǹsì, ẹ ò gbọ́.

Bàbá_Kẹ̀kẹ́_Adátán (ọjọ́ 2)

Ní kí òyìnbó yẹn sọ ìwọ̀n táyà ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì wà.

Ìyá_Alákàrà (ọjọ́ 2)

Ṣé o ti jẹun?